Mo Kọ Orúkọ Mi Sábẹ́ Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo sanra. Mo ń tètè sọ ọ́ nítorí pé sísanra mi ní iṣẹ́ tó máa ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fi pamọ́. Ohun tí mo ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Bọ́ọ̀dù kíkọ ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá rí "Ẹ KAN ILẸ̀KÙN KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ" lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kan, tí lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi. Rúlà ni àwọn oníbàárà ń pè mí, nítorí pé rúlà kì í kúrò lápò mi. Kì í ṣe nítorí ìrísí mi.

Lẹ́tà ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Mi ò mọ àwòrán yà. Onígbàjámọ̀ kan ní kí n ya orí èèyàn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun nígbà kan. Mo yà á. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n wá kọ "ORÍ ÈÈYÀN NI" sábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó mọ àwòrán yà nínú ilé wa ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ara bébà tó fi ń wọn aṣọ ló máa ń yàwòrán sí, tó bá sì yà á tán, á fi sísọ́ọ̀sì gé e, á fi wọn aṣọ. Àwòrán kan ṣoṣo ló yà láyé rẹ̀ tí kò gé. Òun ni mo jí.

Ojú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ojú ọ̀tún ti kú. Ti òsì ń tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn ojú wà ní òdìkejì omi, fẹ́rì lèèyàn sì máa ń wọ̀ débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò wọ fẹ́rì rí. Èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí. Omi tó bá ti ju inú garawa lọ, èmi kì í bá a da nǹkan pọ̀.

"Àbúrò mi, wàá sìn mí lọ?" ó bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èyí tún yẹ ní bíbéèrè ni?"

Lọ́jọ́ náà mo jáde nílé. Mo rìn títí mo fi dé ìyànà tó kọjú sí èbúté, ibi tí èèyàn ti lè rí ọkọ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ náà mì. Mo dúró, bóyá á ṣíwọ́. Ó tún mì. Mo yí padà.

Mo pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀dù kan ló já sílẹ̀ níbì kan. Wọ́n ń wá mi."

"Kò burú," ó wí.

Ó dá lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó gbé nǹkan kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi aṣọ ìbora wé e. Lọ́jọ́ kejì ló máa padà sọ́dọ̀ dókítà fún iṣẹ́ abẹ. Mo tú aṣọ náà. Pákó pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ̀ tó fèrèsé.

"Kí lèyí?"

"Fẹ́rì ni."

Fẹ́rì ni lóòótọ́. Bí ẹni pé orí àga inú ọkọ̀ lèèyàn jókòó sí tó ń wò: ẹ̀yìn orí àwọn èrò, ọkùnrin kan tó sùn tó la ẹnu sílẹ̀, obìnrin kan tó bọ́ bàtà kan tó gbé e sórí itan bí ọmọ, omi, omi, omi, àti èbúté tó wà níwájú tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ kan tín-ín-rín di etí àga mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà, lórí àga kan náà, àpò sìmẹ́ńtì méjì jókòó.

"Ta ló ń fi sìmẹ́ńtì sórí àga èrò?" mo bi í.

Ó wò mí. Kí n kúkú sọ pé ó wo apá ibi tí mo wà, torí ojú náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

"Wọ́n gbé e síbẹ̀ ni," ó wí. "Bá mi fi férémù sí i. Tí wọ́n bá tú ojú mi, òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bí mo ṣe rí omi yẹn ni omi yẹn rí."

"Tí iṣẹ́ abẹ náà ò bá wá..."

"A jẹ́ pé bí mo ṣe yà á yẹn náà ló rí. Má fi han ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ fi hàn?"

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní kó lò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi mí bóyá màá sin òun.

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin tó lọ tí akọ̀wé ọ́fíìsì fẹ́rì fi wá gba bọ́ọ̀dù tí mo kọ fún wọn: "Ẹ MÁ DÌDE TÍTÍ ỌKỌ̀ YÓÒ FI DÚRÓ." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ ni, tó máa ń di bọ́tìnnì ọrùn. Ó ti gbé bọ́ọ̀dù náà sábẹ́ apá, ó ti ń lọ. Ló bá rí àwòrán náà lára ògiri, nínú férémù tuntun.

Ó gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ta ló ya èyí?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ lẹ́tà. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ka "Ẹ KAN ILẸ̀KÙN" rí tó wá sọ pé, "Áà, ta ló kọ èyí?" Wọ́n á kan ilẹ̀kùn ni. Bí iṣẹ́ mi bá ṣe dára tó ni wọn ò ṣe ní rí i tó. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sọ, mo ti ń retí ẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ó kàn jẹ́ pé lára iṣẹ́ ẹlòmíì ló ti sọ ọ́.

"Èwo?" mo bi í.

Àwòrán kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Èyí."

"Áà. Èyí."

"Ẹ̀yin lẹ yà á?"

"Ta lẹ tún rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ìbéèrè ni mo bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Ẹ̀yin mà lẹ yà á!" Ó sún mọ́ ọn. "Ọkọ̀ wa nìyí! Àga aláwọ̀ búlúù wa nìyí! Ọwọ́ ta rèé?"

"Ọwọ́ mi."

Ó wo ọwọ́ inú àwòrán. Ó wo ọwọ́ mi, tó wà lórí tábìlì bí búrẹ́dì.

"Ó tín-ín-rín."

"Ìgbà yẹn, mo rù."

"Ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ fẹ́rì wa nìyẹn?"

"Ìgbà àkọ́kọ́."

Ó ní wọ́n ń kọ́ yàrá tuntun tí èrò á ti máa dúró de ọkọ̀. Ó ní ògiri rẹ̀ ṣófo. Ó ní kí n yá àwọn ní àwòrán náà fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, fún ayẹyẹ ìṣílé. Mo ro ó. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Méjì kéré sí mẹ́ta. Mo mọ ìṣirò.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò kọ orúkọ yín sí i," ó wí.

"Mo fẹ́ kọ ọ́ ni."

Lẹ́yìn tó lọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sísàlẹ̀ àwòrán náà, mo mú búrọ́ọ̀ṣì mi tó kéré jù, mo kọ RÚLÀ. Lẹ́tà mẹ́rin. Ó gbà mí ní wákàtí kan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé òun ni iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe lọ́dún yẹn.

Ìyàwó mi wọlé kí ọ̀dà tó gbẹ.

"Kí ni Rúlà ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ irọ́?"

"Orúkọ ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

"Ojú wọn wà nínú báńdéèjì."

"Mi ò bi yín léèrè ojú wọn."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

Ìyàwó mi jókòó. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, bí ó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́ pòwe. "Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ló ti fẹ́ fọn ọ́n?"

"Nínú yàrá èrò," mo wí.

Wọ́n gbé e lọ. Mo tẹ̀ lé wọn láti rí i pé ó tẹ́jú lára ògiri, torí ohun tó bá wọ́ máa ń bí mi nínú. Òórùn ọ̀dà ṣì kún yàrá náà. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, èèyàn ń rí omi. Mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé.

Bàbá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí. Òṣùwọ̀n ni gbogbo èbúté ń pè é. Òun ló ń to èrò sínú ọkọ̀, kí apá kan má baà wúwo ju apá kejì lọ. Kò lo ìwọ̀n kankan rí. Ojú ló fi ń wọn èèyàn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rà mí.

"Àárín," ó wí.

"Kí ni, Bàbá?"

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Àárín ni màá fi yín sí."

"Mo ti wọ̀ ọ́ rí."

"Ọkọ̀ mi?"

"Ó ti pẹ́."

"Hẹn-ẹn," ó wí. Ó tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Dókítà ò sì tíì sọ ohunkóhun.

"Ṣó o ti fi férémù sí i?"

"Mo ti fi sí i."

"Ibo ló wà?"

"Mo ti gbé e kọ́."

"Sára ògiri?"

"Sára ògiri."

Nígbà tí mo rò ó lẹ́yìn náà, kò sí irọ́ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí i. Ó ní ìgbà tí èèyàn á ti jìnnà sí òótọ́ débi pé òótọ́ gan-an á máa ràn án lọ́wọ́.

"Dúró síwájú rẹ̀," ó wí. "Bá mi wò ó. Òkùnkùn ibí yìí ti sú mi."

Mo dúró síwájú ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ìṣó kan ló wà níbẹ̀.

"Mo ti dúró."

"Omi yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Àwọ̀ omi."

"Omi kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo, àbúrò mi. Wò ó dáadáa."

Mo wo ìṣó náà dáadáa. "Ó dúdú díẹ̀, ó tún... ó tún mọ́ díẹ̀."

"Ọkùnrin tó ń sùn ńkọ́?"

"Ó ṣì ń sùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta iṣẹ́ abẹ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ìṣó ni mo sì fi pa á lẹ́rìn-ín.

"Àpò méjì yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Ṣó o mọ ohun tí wọ́n jẹ́?"

"Sìmẹ́ńtì."

"Hẹn," ó wí. "Sìmẹ́ńtì ni."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń pè. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró síwájú ìṣó. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí yàrá èrò láàárọ̀ láti lọ há a sórí kí ìpè tó wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin tó ń sùn, òkùn tó lọ́ bí ejò nílẹ̀ ọkọ̀, gìgísẹ̀ obìnrin tó bọ́ bàtà, mo mọ gbogbo rẹ̀. Mi ò wo nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn èrò á máa tọ́ka sí mi: "Ẹ wo ẹni tó yà á. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì sú u."

Akọ̀ròyìn rédíò kan bá mi níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí mi lẹ́nu.

"Ọ̀gá, àpò sìmẹ́ńtì méjì yìí, kí ni wọ́n túmọ̀ sí?"

Mo wo àwọn àpò náà. Wọ́n wo èmi náà.

"Ẹrù ayé," mo wí.

"Háà! Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?"

"Ọ̀kan tèmi. Ọ̀kan tìyàwó mi."

Wọ́n gbé e sórí afẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́. Ìyàwó mi pa rédíò náà, ó rọra gbé e sórí tábìlì níwájú mi.

"Wọ́n ní àpò sìmẹ́ńtì ni mí."

"Àfiwé ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín á padà dé. Èmi á wà níjòkòó, n ó máa wò yín. Àpò kì í sọ̀rọ̀."

Ọ̀sẹ̀ kejì pé. Mo lọ bá akọ̀wé pé mo ti fẹ́ gba àwòrán mi.

"Ọ̀gá, ẹ gbà wá láyè o! Ọ̀gá àgbà wa fúnra wọn ló fẹ́ wá ṣí yàrá yẹn, wọ́n sì ti sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì lẹ̀gbọ́n mi máa dé. Ọjọ́bọ̀ ò tíì di Ẹtì. Mo ní kò burú.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, èèyàn kún yàrá èrò. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo àwòrán. Ìyàwó mi jókòó sílà kejì, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, bí àpò. Ọ̀gá àgbà fa aṣọ náà, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo tẹríba. Ó ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti purọ́ fún àwọn ẹlòmíì tó.

Níta, ọkọ̀ kan fọn fèrè, ó gúnlẹ̀. Àwọn èrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n rí i pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, wọ́n dúró.

"Ẹ bá wa sọ nípa àwọn àpò yìí," akọ̀wé wí, ó sì fún mi ní gbohùngbohùn.

Mo ti ń mọ̀ ọ́n sọ. "Gbogbo wa la ń sọdá omi kan tàbí òmíràn," mo wí. "Kò sì sẹ́ni tó ń sọdá lọ́wọ́ òfo. Àwọn àpò yìí, ẹrù ayé ni wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn kan wí lẹ́yìn.

Òṣùwọ̀n ni. Ó gbọ́wọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ọwọ́ rẹ̀ kejì di apá obìnrin kan mú. Kí n tó rí ojú obìnrin náà, mo ti rí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tín-ín-rín. Gbogbo ilé ló ti ń wò ó lára ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti fa aṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹrù ayé kọ́," Òṣùwọ̀n wí. "Sìmẹ́ńtì mi ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, àfiwé ni," akọ̀wé wí.

"Mi ò mọ àfiwé. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ìyá yìí ló ní àbúrò àwọn ń bọ̀, pé kí n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Mo ní, 'Báwo ni àbúrò yín ṣe tóbi sí?' Wọ́n ní ó tóbi dáadáa. Mo bá to gbogbo ọkọ̀ nítorí ẹ̀. Èrò mẹ́rìnlélógún, mo ní kí tibí dìde, kí tọ̀hún sún, nítorí ọkùnrin kan. A dúró, a dúró. Fóònù dún, ìyá ní kò wá mọ́. Èrò ti ń bínú. Mi ò lè máa to ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá gbé àpò méjì sípò ẹ̀, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu mi. Gbogbo ilé ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Òṣùwọ̀n wò mí. "Àbúrò náà, ẹ̀yin ni?"

Mo yí ojú sí àwòrán náà.

"Ẹ̀yin ni." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mi orí. "Mo ṣì í ṣírò. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́ta."

"Ẹ gbà mí o," akọ̀wé wí, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ fẹ́ fún un pa. "Wọ́n ní àwọn làwọn ya àwòrán yìí. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn nìyí. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn rù..."

"Ọkọ̀ yẹn ò tíì pé ọdún kan," Òṣùwọ̀n wí. "Ta ló rù lọ́dún kan tó wá dà báyìí?"

"Wọn ò rù rí," ìyàwó mi wí láti ìlà kejì.

Àpò ti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni obìnrin náà. Dókítà ti tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ó fẹ́ bá wa lójijì. Ó fi ọwọ́ Òṣùwọ̀n sílẹ̀, ó rìn wá síwájú. Àwọn èèyàn yà fún un. Ó bọ́ awò dúdú tó wà lójú rẹ̀. Ojú òsì pọ́n, omi ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó là, ó sì ń lọ láti ibì kan dé ibì kejì bí ojú ẹni tó ń kàwé.

Omi inú àwòrán ló kọ́kọ́ wò. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mo ṣe é dúdú jù," ó wí. "Mo rí i nígbà tí mo ń bọ̀ báyìí. Kò dúdú tó bẹ́ẹ̀."

"Ojú yín ni ò dáa nígbà yẹn, Ẹ̀gbọ́n mi," mo wí. Gbohùngbohùn gbé e fún gbogbo ilé.

"Rárá. Inú mi ni ò dáa."

Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá lórí ọkùnrin tó ń sùn, ó kọjá lórí ọwọ́, ó kọjá lórí àpò. Ó dé orúkọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Lẹ́tà yìí dára," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mo ní lẹ́tà yìí dára. Ọwọ́ ẹ nìyẹn. Ibikíbi tí mo bá ti rí i, màá mọ̀ ọ́n. Wò ó bó ṣe dúró ṣánṣán."

Ọdún méjìlélógún, ẹnikẹ́ni ò wo lẹ́tà mi kó yìn ín rí. Ọjọ́ tí wọ́n máa yìn ín nìyẹn.

Mo mú aṣọ funfun nílẹ̀, mo fẹ́ fi bo àwòrán náà.

"Má bò ó. O ti fi hàn wọ́n ná. Jẹ́ kí wọ́n wò ó."

"Ẹ jẹ́ kí n pa orúkọ mi rẹ́."

"Kí lo fẹ́ pa á rẹ́ fún? Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́? Ṣé búrọ́ọ̀ṣì wà lápò ẹ?"

Búrọ́ọ̀ṣì máa ń wà lápò mi. Rúlà náà. Ó jókòó sórí àga iwájú, tí ọ̀gá àgbà dìde fún un, ó ń pè é, mo ń kọ ọ́. Ìdajì wákàtí ni. Mo rò pé àwọn èèyàn á lọ. Kò sẹ́ni tó lọ. Orúkọ mi wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n sì fa ìlà rẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹ lè lọ kà á. Ó wà níbẹ̀ dòní, torí ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò gbé e lọ mọ́:

RÚLÀ LÓ KỌ LẸ́TÀ YÌÍ. Ẹ̀GBỌ́N RẸ̀ LÓ YA ÀWÒRÁN.

"Ìlà yẹn tẹ́jú," Òṣùwọ̀n wí.

Ìyàwó mi bá mi rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà rárá, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ń dáhùn bí mo bá kí i. Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tó ku ọ̀la kó padà lọ fi ojú han dókítà, mo lọ bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òwú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tì í bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n sìn yín lọ́la?"

"Bọ́ọ̀dù ò ní já sílẹ̀ níbì kan?"

"Bọ́ọ̀dù kankan ò já sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo rí ẹ." Ó so òwú náà nídìí. "Ojú mi ò rí nǹkan kékeré nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo rí ẹ ní ìyànà yẹn. O dúró. Mo ń sọ fún bàbá yẹn pé, 'Ó ń bọ̀, òun nìyẹn, mo ti rí i.' O wá yí padà. Lẹ́yìn náà ni fóònù mi wá dún."

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín mú èyí tó bá bá yín mu. Èmi rò pé àwòrán ni mo jí. Kí n tó jí i ni mo ti jẹ gbèsè tó jù ú lọ. Àyè kan lórí àga ni mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ti yà á fún mi, ó fi sí iwájú mi, ó ní kí n fi férémù sí i. Mo fi férémù sí i. Mi ò rí ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ rìn dé ìyànà. Ọkọ̀ náà ń mì. Mo dúró. Ẹ̀gbọ́n mi náà dúró, kò wò mí, ó ń wo omi bí ẹni tó ń yan aṣọ nínú ọjà. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀síwájú. Mo tẹ̀ lé e.

Òṣùwọ̀n ń to èrò. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n mi, ó kí i. Ó rí mi lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó pariwo.

"Ẹ gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sọ̀ kalẹ̀! Àbúrò ìyá ti dé."